Ṣíbí Oníke Lẹ́yìn Ìnáwó: Bí A Ṣe Lè Tún Un Lò Kí Ó Tó Di Ẹrù Fún Gọ́tà

Ó ṣọ̀wọ́n kí ọjọ́ Sátidé kan kọjá ní àárín ìlú Ìbàdàn àtijọ́, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Màpó dé Bẹyẹrúnká, kí a má gbọ́ ìlù ìnáwó. Bí kò bá ṣe ìsìnkú àgbà, ìgbéyàwó ni. Bí kò bá ṣe ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ tàbí ìkólé ni. Níbikíbi tí ìnáwó bá wà, oúnjẹ kò lè ṣàìsí níbẹ̀. Ní ayé òde òní, bí a bá ti gbé ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín lé àlejò lọ́wọ́, ṣíbí oníke funfun kan ni ó máa ń bá a wá. Àlejò yóò jẹun tán, yóò nu ẹnu, yóò sì ju ṣíbí náà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ṣíbí náà wá ṣe ní ayé ti parí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ṣùgbọ́n ṣíbí náà kò parí. Ewé tí a fi di ẹ̀kọ yóò jẹrà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò sì di ilẹ̀dú. Ike kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Oòrùn lè mú kí ó gbẹ kí ó sì rún sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ náà yóò ṣì jẹ́ ike fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ohun tí ènìyàn kan sọnù lónìí yóò wà nílẹ̀ títí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi bímọ.

Kí a lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí alásè kan bá ń se oúnjẹ fún 300 àlejò ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣíbí tí yóò pín láàárín ọdún kan yóò jẹ́ 15,600. Bí ìwọ̀n ṣíbí kan bá jẹ́ gíráàmù 3, gbogbo rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìló 47, èyí tí ó kù díẹ̀ kí ó tó àpò sìmẹ́ǹtì kan. Alásè kan ṣoṣo ni a sọ yìí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ibi tí ike ti wá

Ike kì í ṣe ohun tí ó ti pẹ́ ní ayé bí igi tàbí irin. Ní ọdún 1907 ni Leo Baekeland, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tí ó ti di ará Amẹ́ríkà, ṣe ike tí a ń pè ní Bakelite, èyí tí ó jẹ́ ike àkọ́kọ́ tí ènìyàn fi ọgbọ́n ara rẹ̀ pò pọ̀ pátápátá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ike wá di ohun ọjà gbogbo ilé. Ní ọdún 1954, Giulio Natta ti ilẹ̀ Ítálì, ẹni tí ó tẹ̀ síwájú láti ibi tí Karl Ziegler ti ilẹ̀ Jámánì bá iṣẹ́ dé, rí ọ̀nà láti ṣe irú ike kan tí ó le, tí ó sì fúyẹ́, tí a ń pè ní polypropylene. Ní ọdún 1963 ni a fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel nítorí irú iṣẹ́ yìí.

Inú epo rọ̀bì àti gáàsì ni a ti ń rí ohun tí a fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ike. Ní ilé iṣẹ́, wọn a yọ́ ike nínú ooru, wọn a fi ẹ̀rọ tì í wọ inú irin tí a gbẹ́ bí ṣíbí, yóò sì tutù láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Nítorí pé ẹ̀rọ kan lè ṣe púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, owó rẹ̀ kéré. Owó kékeré yìí gan-an ni ó mú kí ènìyàn máa rò pé kò níyelórí. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Ohun tí ó kan Ìbàdàn nínú ọ̀rọ̀ yìí

Orí òkè àti ẹsẹ̀ òkè ni a tẹ Ìbàdàn àtijọ́ dó sí. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí òkè Màpó, kò sí ibòmíràn tí omi lè gbà ju kí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, kí ó gba inú gọ́tà àti ojú àgbàrá láàárín ilé, kí ó tó bọ́ sínú odò. Bí gọ́tà bá ṣí, omi yóò lọ ní àlàáfíà. Bí ọ̀rá, abọ́ oúnjẹ àti ṣíbí oníke bá dí i, omi kò ní dúró láti bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà. Inú ilé ni yóò yà sí.

Ìbàdàn kò ní láti lọ sí ìlú mìíràn kí ó tó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀, ó gbé ilé, ọjà, ọkọ̀ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí lọ. Láti ìgbà náà ni orúkọ odò kékeré yìí ti di mímọ̀ káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀, ó sì ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tí ó kú. Omíyalé, agbárayaṣọ́ọ̀bù ni àwọn ará ìlú ń pe irú àjálù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wádìí ohun tí ó fà á, òjò ńlá nìkan kọ́ ni a dárúkọ. A dárúkọ ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi, a sì dárúkọ ìdọ̀tí tí a dà sínú odò àti gọ́tà. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí àwìn 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìdáàbòbò Ìbàdàn lọ́wọ́ omíyalé. Owó ńlá ni èyí. Afárá tí a bá sì fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe kò ní lè ṣiṣẹ́ bí àwọn ará àdúgbò bá ń fi ìdọ̀tí dí ẹnu rẹ̀.

Ó ṣòro láti rí ẹni tí yóò gbà pé ṣíbí rẹ̀ kan ni ó fa omíyalé. Òtítọ́ ni pé ṣíbí kan kò lè fà á. Ṣùgbọ́n ṣíbí há mọ́ ọ̀rá, ọ̀rá há mọ́ igi, yanrìn dúró ti gbogbo wọn, gọ́tà sì di ilẹ̀. Bí omi bá sì dúró sójú kan nínú gọ́tà, ẹ̀fọn yóò fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Àtúnlò kì í ṣe ohun àjèjì

Bí a bá ń sọ pé kí a tún nǹkan lò, àwọn kan lè rò pé ọgbọ́n Òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agolo mílíìkì ni àwọn ọlọ́jà fi ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà, agolo kan náà ni àwọn alágolo sì fi ń ṣe fìtílà elépo. Alágbẹ̀dẹ a máa fi irin abẹ́ ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́ rọ ọkọ́ àti àdá. Ògbólógbòó táyà a máa di bàtà, ìgò ọtí a máa di ìgò epo pupa, ìwé ìròyìn tí a ti kà tán a sì máa di ohun tí a fi ń pọ́n àkàrà. Ní ayé àtijọ́, ìgbakọ tí a fi igbá ṣe ni a fi ń bu oúnjẹ, ìpọn ni a fi ń bu ọbẹ̀, ewé ni a sì fi ń di ẹ̀kọ. Bí igbá bá fọ́, a óò rán an. A kò jẹ́ sọ ọ́ nù.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ike wọlé pẹ̀lú orúkọ pé ohun àlòsọnù ni, a sì gba orúkọ náà gbọ́ láìwádìí. Ẹni tí ó bá wo ṣíbí oníke dáadáa yóò rí i pé ó lágbára tó láti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ju èyí tí a rà á fún lọ.

Kí a kọ́kọ́ mọ irú ike tí ó jẹ́

Kí a tó tún ṣíbí lò, ó yẹ kí a mọ irú èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa, nítorí oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Oríṣi kìn-ín-ní le, ó sì ń dán. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò ṣẹ́ lójijì, etí rẹ̀ yóò sì mú bí àfọ́kù. Polystyrene ni a ń pe èyí. Oríṣi kejì kì í yára ṣẹ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò tẹ̀, ojú ibi tí ó ti tẹ̀ yóò sì funfun. Èyí ni polypropylene. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, lẹ́yìn ọrùn ṣíbí, a máa ń rí àmì onígun mẹ́ta kékeré tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. Ọdún 1988 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi àmì náà sára ike ní Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà 6 ni ti èyí tí ń ṣẹ́, nọ́ńbà 5 sì ni ti èyí tí ń tẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Èyí tí ó ní nọ́ńbà 6 a máa bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ bí ooru rẹ̀ bá ti súnmọ́ ti omi híhó. Nítorí náà kò yẹ kí a fi jẹ ọbẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, kò sì yẹ kí a sè é nínú omi pé a fẹ́ pa kòkòrò ara rẹ̀. Èyí tí ó ní nọ́ńbà 5 le ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni ó sì dára jù láti fọ̀ kí a sì tún fi jẹun.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ kí a tó tún fi jẹun

Kí alásè gbé korobá kan tàbí agbada kan sí ibi tí àlejò yóò ti rí i, kí ó sì ní kí wọ́n máa ju ṣíbí sínú rẹ̀, dípò kí wọ́n jù ú sílẹ̀. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ yóò ti wà nínú rẹ̀, kí oúnjẹ má baà gbẹ mọ́ ṣíbí lára. Lẹ́yìn ìnáwó, kí a ṣa àwọn tí ó ti ṣẹ́, tí ó ti lẹ̀, tàbí tí ara wọn ti há yánnayànna sọ́tọ̀, nítorí inú ojú há ni ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí. Kí a fi ọṣẹ, kànrìnkàn àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ìyókù, kí a sì fi omi mímọ́ ṣàn án.

Lẹ́yìn èyí, kí a bu ṣíbí ńlá kan kún fún omi apakòkòrò tí a fi ń fọ aṣọ funfun, irú èyí tí kò ní òórùn dídùn nínú, sí omi mímọ́ lítà 4, kí a rẹ àwọn ṣíbí sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Kí a kó wọn jáde, kí a tẹ́ wọn sórí aṣọ mímọ́ kí atẹ́gùn gbẹ wọ́n. Kí a má ṣe kó wọn sínú ọ̀rá nígbà tí wọ́n ṣì tutù. Àrùn onígbáméjì kì í bọ̀wọ̀ fún ìnáwó. Ẹni tí kò bá lè fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ó má ṣe tún un gbé fún àlejò. Ó lè fi ṣe àwọn iṣẹ́ mìíràn tí a óò sọ nísàlẹ̀ yìí.

Bí alásè tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ní ìṣáájú bá lè lo ṣíbí kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó bàjẹ́, 5,200 ni yóò rà lọ́dún dípò 15,600. Èyí yóò dín ìdọ̀tí kù, yóò sì dín owó tí ń jáde lápò rẹ̀ kù pẹ̀lú.

Iṣẹ́ tí ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ oníke lè ṣe

Lọ́jà. Àwọn tí ń ta ata gígún, edé lílọ̀, iyọ̀, kọ́rì àti èlùbọ́ Ọjà'ba lè fi ṣíbí kọ̀ọ̀kan sínú agolo kọ̀ọ̀kan, kí ó jẹ́ pé ọwọ́ kì í kan ọjà, kí adùn ata má sì wọ inú iyọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra díẹ̀ lè rí i pé bákan náà ni a wọ̀n fún òun àti fún ẹnì kejì òun.

Nínú oko àti ọgbà. Nígbà tí a bá gbin èso ata, tòmátì, ewédú àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sórí ebè ìtọ́jú, ó rọrùn láti gbàgbé èyí tí ó wà níbì kan. Kí a fi pẹ́ńsù tàbí yíǹkì tí omi kì í fọ̀ kọ orúkọ irúgbìn àti ọjọ́ tí a gbìn ín sí ẹ̀yìn ṣíbí, kí a sì ki ọrùn rẹ̀ bọ ilẹ̀. Fọ́ọ̀kì tún ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí a bá ri fọ́ọ̀kì mẹ́ta tàbí mẹ́rin yí ọ̀gbìn kékeré ká, kí eyín wọn dojú kọ òkè, adìẹ kò ní lè máa fẹsẹ̀ tú u. Ọ̀bẹ oníke sì dára láti fi gbé ọ̀gbìn kúrò nínú ilẹ̀ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, nítorí kì í gé gbòǹgbò bí ọ̀bẹ irin.

Ní ilé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tí kò ní ohun ìkọ́ni lè fi ṣíbí kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò. Kí ó fi rọ́bà so mẹ́wàá mẹ́wàá pọ̀, kí ó sì fi èyí tí ó kù sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ yóò rí i pé 34 jẹ́ ìdì mẹ́ta àti ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́rin. Èyí tí ó tilẹ̀ dára jù ni kí ó fi kọ́ wọn ní òǹkà Yorùbá, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá kò mọ̀ mọ́. Kí ó so ogún ogún pọ̀. Ìdì méjì ni ogójì, ìdì mẹ́ta ni ọgọ́ta, ìdì mẹ́rin ni ọgọ́rin. Bí ó bá fẹ́ kí wọ́n mọ àádọ́ta, kí ó kó ìdì mẹ́ta sílẹ̀, kí ó sì yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ márùndínlógójì, kí ó kó ìdì méjì kí ó yọ márùn-ún. Nígbà náà ni ọmọ yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ìdí tí a fi ń dín, tí a fi ń fi kún, nínú òǹkà àwọn baba rẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Àwọn akunlé lè fi ṣíbí po ọ̀dà, àwọn tí ń tún bàtà ṣe lè fi ọ̀bẹ oníke tẹ́ gọ́ọ̀mù sára awọ, àwọn onídìrí lè fi bu ìpara irun kúrò nínú ike rẹ̀, kí wọ́n má baà fi ìka bọ̀ ọ́. Aránṣọ lè ká òwú tí ó kù mọ́ eyín fọ́ọ̀kì, kí ó má baà lọ́ mọ́ra.

Àwọn aládìrẹ ní ìdí tiwọn láti fẹ́ràn ṣíbí. Nínú àwọn àwòrán adìrẹ ẹlẹ́kọ tí a mọ̀ jù ni èyí tí a ń pè ní Ìbàdàndùn. Nínú rẹ̀ ni a ti ń rí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929; láàárín òpó kan àti èkejì sì ni a máa ń ya ṣíbí sí. Ìyẹ́ adìẹ àti ìgbálẹ̀ ni a mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Ẹni tí ó bá tẹ́ ẹ̀kọ tútù náà sórí aṣọ, tí ó sì fa eyín fọ́ọ̀kì oníke gba inú rẹ̀ kọjá jẹ́jẹ́, yóò rí ìlà mẹ́rin tí ó lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tí aró yóò sì wọ̀ ni àwọn ìlà wọ̀nyí. Nítorí pé eyín ike kì í mú bí irin, kì í ya aṣọ bí a bá rọra lò ó.

Fún ọ̀ṣọ́ ilé. Kí a fi páálí líle gé òbìrí kan, kí a lẹ dígí kékeré mọ́ àárín rẹ̀, kí a sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ṣíbí yí dígí náà ká ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹsẹ̀ kejì bo ìdí èkínní bí ìpẹ́ ẹja. Lẹ́yìn tí a bá ti kùn ún ní ọ̀dà, ó ṣòro kí ẹni tí ó wọlé tó mọ̀ pé ṣíbí ni. Sísọ́ọ̀sì líle tàbí ẹ̀mú ni kí a fi gé ọrùn ṣíbí, kí a sì fi aṣọ bò ó bí a ti ń gé e kí ẹ̀rún rẹ̀ má baà ta sí ojú. Àwọn kan máa ń fi iná àbẹ́là gé e. Kò dára, nítorí èéfín ike tí ń yọ́ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ènìyàn máa fà símú.

Ohun tí kò yẹ kí a fi ṣe

Ó yẹ kí a kìlọ̀ nípa àwọn nǹkan mélòó kan. Èkínní, ṣíbí tí a bá ti fi kan gọ́ọ̀mù, ọ̀dà, ìpara irun tàbí oògùn kòkòrò kò gbọdọ̀ padà sínú ilé ìdáná mọ́ láé. Kí a gé orí ọrùn rẹ̀ díẹ̀ tàbí kí a kùn ún ní pupa, kí ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè dá a mọ̀.

Èkejì, kí a má ṣe fi ṣíbí oníke wọn oògùn fún ọmọ. Bí ṣíbí méjì ti jọra tó, wọ́n lè má gba ìwọ̀n kan náà. Ife tàbí ṣíbí tí ó bá oògùn wá láti ilé oògùn nìkan ni kí a lò.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ọ̀rá àti ike ṣáná sí èédú, tàbí kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ sẹ́yìnkùlé kí wọ́n dáná sun ún. Èéfín dúdú tí ń ti ara rẹ̀ jáde ní májèlé nínú; a máa mú kí àyà há, kí ojú máa ta, a sì máa ṣe ọmọ ọwọ́ àti ẹni tí ó ní ikọ́ fée ní ibi púpọ̀. Bí ike yíyọ́ bá kán sí ara ọmọdé, yóò lẹ̀ mọ́ awọ ara, yóò sì jó o wọ inú. Nínú àwọn àgbàlá Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnká tí ilé ti fara ti ilé, èéfín ẹnì kan ni èéfín gbogbo ilé.

Ibi tí ayé ń lọ

Àtúnlò dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Ṣíbí tí a tún lò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá yóò bàjẹ́ níkẹyìn, kò sì rọrùn fún àwọn tí ń ra ike àfọ́kù láti gbà á, nítorí ó kéré, ó fúyẹ́, oríṣi rẹ̀ sì dàpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n rà á, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó ya nọ́ńbà 5 kúrò lára nọ́ńbà 6, kí ó sì kó o jọ títí yóò fi kún àpò. Ìyẹn ni ó sàn ju kí ó wà nínú gọ́tà lọ.

Nítorí ìṣòro yìí ni àwọn ìjọba kan ṣe ti ń dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2021 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de títa ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ oníke àlòsọnù. Ilẹ̀ Íńdíà ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2022, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Nítòsí ilé, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ oúnjẹ funfun fífúyẹ́ nì ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ó sì kéde pé láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025 ni òfin yóò bẹ̀rẹ̀ sí mú ṣíbí oníke, ife oníke àti àwọn ọ̀rá fẹ́lẹ́ pẹ̀lú. Ọlọ́jà tí ó bá ń ra ẹrù láti Èkó wá sí Ìbàdàn yóò ṣe dáadáa bí ó bá ń fi etí sí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, kí ó má baà kó owó sínú ẹrù tí kò ní lọ mọ́.

Kí òfin tó dé ẹnu ọ̀nà ẹni, ọ̀nà tí ó rọrùn wà. Àwọn tí ń yá ènìyàn ní àga àti àwo fún ìnáwó lè yá wọn ní ṣíbí irin pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ obìnrin àdúgbò kan lè dá owó jọ, kí wọ́n ra ṣíbí irin 300, kí wọ́n máa fi ṣe gbogbo ìnáwó ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n sì máa fi yá àwọn ẹlòmíràn fún owó díẹ̀. Ṣíbí irin yóò wà títí di ìgbà tí àwọn ọmọ wọn yóò máa ṣe ìnáwó tiwọn. Àlejò tí ó bá ń jẹ àmàlà kò sì nílò ṣíbí rárá; omi ìfọwọ́ àti ọṣẹ ni kí a gbé fún un.

Kò sí agbára ìjọba kan tí ó lè dúró ti gbogbo gọ́tà tí ń bẹ láti Màpó dé Ọjà'ba. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bákan náà ni kò yẹ kí baálé àti ìyáálé wà nínú ilé kí ṣíbí ìnáwó àná máa ṣàn lọ nínú àgbàrá. Oṣù Kẹjọ ni Ògùnpa máa ń rántí ìwà àwọn ará ìlú. Ẹni tí ó bá ti kó ṣíbí rẹ̀ jọ kí òjò tó dé ti ṣe ìpín tirẹ̀.